Abẹ́rẹ́, Ẹni Tó Kó Àdúgbò Rìn

Ẹni tó bá rí Abẹ́rẹ́ kò ní mọ ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́wọ́, ó tín-ín-rín débi pé ọ̀gá rẹ̀ máa ń ní bó bá fẹ̀gbẹ́ dúró, òun kì í rí i mọ́. Orúkọ náà ló dúró, ara ló yí padà. Nígbà tí èmi fi máa gba ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ń kan tábìlì máṣíìnì, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń bi í léèrè pé abẹ́rẹ́ wo gan-an ni, ṣé èyí tí wọ́n fi ń rán àpò ni? Á rẹ́rìn-ín. Kì í bínú. Èmi ni mo máa ń bá a bínú.

Alágbàfọ̀ ni mí. Pákó lásán ló pààlà ìsọ̀ mi àti tirẹ̀. Bó bá sín, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Òun a jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí irin máṣíìnì, ojú rẹ̀ nínú aṣọ. Èmi a dúró láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú nídìí áyọ́ọ̀nù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, àfi pé òun ní ẹ̀gbọ́n, èmi ò ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, tí àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní kó lọ máa sinmi. Òun ló tọ́ Abẹ́rẹ́ nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Òun ló fà á lé ọ̀gá aránṣọ lọ́wọ́, òun ló sì ra máṣíìnì tó kọ́kọ́ fi jókòó fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yìí bá wọ ìsọ̀, Abẹ́rẹ́ á dìde, ì báà jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ń rán lọ́wọ́. Yàrá kan àti pálọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ìsọ̀ wa. Àwọn ọmọ wọn ti wá iṣẹ́ lọ. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, oògùn rẹ̀ sì máa ń wà nínú ife kan lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ ìrìn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí káfíńtà tó wà ní òdìkejì wa kú. Ó jókòó lórí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, ìsinmi náà ló bá lọ. Kò dàgbà jù wá lọ. Ẹ̀rù ba Abẹ́rẹ́ gidigidi. Ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní kó máa rìn. Ẹlòmíràn ì bá bọ́ síta kó rìn, kó padà wálé. Abẹ́rẹ́ kì í dá nǹkan ṣe. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á kan pákó pé, “Alágbàfọ̀, òùngbẹ ò gbẹ ìwọ ni?” Bó ṣe mú fóònù nìyẹn, tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó pè é ní Ẹgbẹ́ Arìnrìn Àárọ̀, tó sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ náà pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

“Ejò wo ló lẹ́sẹ̀ nínú yín?” mo bi í.

“Ìwọ ṣáà máa bọ̀. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ sí i.”

“Yọ mí kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo ti wà lórí ìdúró látàárọ̀, ta ló fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ẹsẹ̀?”

Ó yọ mí. Ó dì mí sínú di ọ̀sán, kó tó tún kan pákó bèèrè òùngbẹ.

Mi ò ní purọ́, ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọn á ti tò jáde, onídìrí, ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, opó káfíńtà, àti àwọn mìíràn tí n kò mọ̀ pé a jọ ń gbé àdúgbò. Wọn á rìn dé ìdí táńkì omi tó wà lópin òpópónà, wọn á ya fọ́tò, wọn á fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́, wọn á padà. Àwọn tó ti kó kúrò ládùúgbò ń rìn níbi tí wọ́n wà, wọ́n ń fi tiwọn náà ránṣẹ́. Fóònù Abẹ́rẹ́ kò sinmi mọ́: ohùn lọ, ohùn bọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹsẹ̀ yín kò ní rọ. Orúnkún onídìrí tó máa ń dùn ún fi í sílẹ̀. Ikùn Abẹ́rẹ́ náà kúrò lára tábìlì.

Ohun tí n kò fẹ́ nínú rẹ̀ ni ti ìgbín. Abẹ́rẹ́ ló gbé e kalẹ̀ pé ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò bá dé kí àwọn èèyàn tó ṣí ìsọ̀, wọn á gbé àwòrán ìgbín síta, wọn á kọ orúkọ ẹni náà sí ìkarahun rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ á fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Wọ́n á bèèrè bóyá ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Wọ́n á ní kí wọ́n má da iyọ̀ sí i lára. Bí ẹnìkan bá sì ní ẹ̀yìn ń dun òun, wọn á ní kó rìn ín dànù. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti wà, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnikẹ́ni rí nínú rẹ̀ pé kó jókòó.

“Ṣé kí ara èèyàn le lẹ̀ ń wá ni, àbí kí ojú tì í?” mo bi Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan.

“Ìtìjú ló ń mú àgbà dìde lórí ibùsùn,” ó ní. “Lọ lọ aṣọ rẹ.”

Kò sẹ́ni tí ẹgbẹ́ náà bá lára mu tó Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, iwájú ilé ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa gbọ́ ìró ọkọ̀ tí yóò máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé jíà eléyìí ti fẹ́ bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó wọ ẹgbẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí táńkì. Á dúró ṣánṣán, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ̀wù òní kò ní jẹ́ ti àná. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ọ̀nà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń kí i láti ìlú mìíràn. Ó wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó na fóònù sí wa kí a gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ní bí òun bá ti rí fọ́tò Ọ̀gá Ọ̀nà lòun máa ń bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó ní, “O tún fún mi níṣẹ́.” Ojú Abẹ́rẹ́ kún fún omijé. Ó ní okùn òwú ló kó sí òun lójú.

Ìṣó kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó gún bàtà Ẹ̀gbọ́n wọlé lójú ọ̀nà táńkì. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti bá jà tipẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ilé. Ẹ̀gbọ́n fi omi iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ dì í, ó sì kìlọ̀ fún ìyàwó pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí àbúrò òun bá gbọ́, á ní kí òun jókòó, bí òun bá sì jókòó, wọ́n á gbé ìgbín sí òun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọkùnrin yìí ti wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù kọjá níbi tí afárá ti já. Ìgbín inú fóònù ló wá ń bà á lẹ́rù.

Ó fi ẹsẹ̀ náà rìn títí kò fi lè kan ilẹ̀ mọ́. Ìgbà tí kò lè jáde, ó lọ wá ọgbọ́n. Fọ́tò àtijọ́ kún inú fóònù rẹ̀, táńkì kan náà, ọwọ́ sókè kan náà, ẹ̀wù oríṣiríṣi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ránṣẹ́ láràárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí kò bá a nídìí táńkì rò pé ó ti lọ, ó ti bọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Abẹ́rẹ́ náà ń pàtẹ́wọ́. Àsìkò tí iléèwé fẹ́ wọlé ni, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé kún ilẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kò sì ráyè yà sílé ẹ̀gbọ́n. Kí ló fẹ́ lọ wò? Ó ṣáà ń rí i lójoojúmọ́.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wá mú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kan wá sí ìsọ̀, aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà funfun. Kọ́là rẹ̀ ti gbó, ó ní kí Abẹ́rẹ́ bá òun yí i padà. Abẹ́rẹ́ tú kọ́là náà kúrò, ó fi ẹ̀wù kọ́ ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọjú sí aṣọ iléèwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Ó wò ó, ó gbé e sókè lórí pákó kí n lè rí i.

“Ọ̀gá Ọ̀nà ti dé ìdí táńkì!” ó ní. “Ìwọ tó kéré sí wọn, ìdí áyọ́ọ̀nù lo wà.”

Mo wò ó. Ẹ̀wù búlúù, ìlà funfun, kọ́là dúró ṣinṣin lọ́rùn. Mo gbójú sókè, mo wo ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀. Òun náà yíjú síbi tí mò ń wò.

“Bóyá wọ́n ní méjì,” mo ní.

“Èmi ni mo rán an. Ọ̀kan ni.”

Kò ti ilẹ̀kùn. Mo yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, mo tẹ̀ lé e.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, aṣọ ìnura yí i ká, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wo ojú wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín.”

“Ẹsẹ̀ wo? Ṣé o ò rí mi láàárọ̀ yìí ni?”

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà. Àwọn ọmọ ìka ti dúdú, dúdú náà sì ti gun ẹsẹ̀ lọ. Mi ò ní sọ èyí tó kù. Abẹ́rẹ́ fi igbe ta.

“Dákẹ́,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni?” Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dún, wọ́n ṣì ń kí i kú ìrìn.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tó wò ó kò fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ náà ti kú, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá gé e lábẹ́ orúnkún báyìí, ẹ̀mí á dúró, bí wọn ò bá gé e, ẹ̀mí á lọ. Ẹ̀gbọ́n ní wọn ò ní gé e. Ó ní, “Ikú yá ju ẹ̀sín.” Inú bí mi sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn láyé. Ẹ̀sín wo ló wà nínú ọ̀pá ìtilẹ̀? Dókítà fa Abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ bá wọn sọ ọ́. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́.”

Abẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Kò tíì ta ko ẹ̀gbọ́n yìí rí láti kékeré, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ta ni yóò wo ojú ẹni tó tọ́ ọ, tó fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ bíréèkì kó lè ra máṣíìnì fún ọ, kó ní kí wọ́n gé e? Ó dìde, ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó mú fóònù. Kì í ṣáà dá nǹkan ṣe. Ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́, mo dúró tì í bó ṣe ń kọ ọ́: ẹsẹ̀ Ọ̀gá Ọ̀nà ti bàjẹ́, àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n gé e kí Ẹ̀gbọ́n má bàa kú, Ẹ̀gbọ́n ò gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ náà yé kedere. Ọmọ kékeré kà á, á yé e. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.” Ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn. Onídìrí fi ohùn ránṣẹ́ pé Ọ̀gá Ọ̀nà á rìn. Ẹlòmíràn ní òun mọ ewé kan. Ẹlòmíràn ní dókítà wulẹ̀ fẹ́ràn ọ̀bẹ. Obìnrin tó máa ń rí fọ́tò kó tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì sunkún, ó ní kí Ọ̀gá Ọ̀nà má gbà fún dókítà. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún ara wọn láràárọ̀ náà ni wọ́n sọ, dìde, má gbà, máa lọ. Wọn ò mọ òmíràn. Ẹni tó sì pa òwe orí bíbẹ́ kò rí ẹsẹ̀ tí mo rí.

Abẹ́rẹ́ tún kọ ọ́. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó kù ń bò ó mọ́lẹ̀. A wọlé padà, a bá Ẹ̀gbọ́n tó gbé fóònù sétí, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀.

Mo sọ ọ́ sí Abẹ́rẹ́ létí. “Ìwọ lo ni ẹgbẹ́. Tì í pa.”

“Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ díẹ̀ sí i,” ó ní. “Inú wọn ń dùn.”

Inú Ẹ̀gbọ́n dùn débi tó fi ní kí a gbé òun lọ sílé. Dókítà bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó mú ìwé wá, Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo lórí fóònù, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó yọjú sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ dára fún irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò ní kan ilẹ̀ rárá.

Ibà mú Ẹ̀gbọ́n nílé. Ara rẹ̀ gbóná tó fi ń gbọ̀n. Ó ń dárúkọ ọ̀nà tó ti wakọ̀ gbà rí, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá walẹ̀, á ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun, kí òun gbọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń jókòó sí, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, mo sì máa ń bá ti àná nílẹ̀.

Ní àárọ̀ kan tí mo débẹ̀, ó ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó ti dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere lọ́jọ́ náà.

“Kí ló dé tó ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?” ó ní. “Ìwọ ni mò ń retí.”

Abẹ́rẹ́ fi iwájú orí kanlẹ̀.

“Ó dáa. Lọ pe ọkọ̀ wá.”

Ó sáré jáde. Mi ò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo ìrìn tó ti ń rìn wà níbẹ̀. Mo di ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mú. Ìyàwó rẹ̀ ń wọ ẹ̀wù fún un kó lè bójú mu ní ọsibítù, ó ti wọ apá kan, ó ń wá èkejì, nígbà tí orí Ẹ̀gbọ́n ṣubú sí i láyà. Ó pè é. Ó tún pè é. Lẹ́yìn náà, ó wọ apá kejì, ó sì di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn.

Abẹ́rẹ́ wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ọkọ̀ ti dé, kò lè wọ ọ̀nà tóóró yìí, ó wà lẹ́nu òpópónà. Ó wò wá, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sílẹ̀.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kò sunkún. Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń bá gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà ló fi sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́.

“Ọkọ mi,” ó ní, “ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní ìrìn. Ẹ dìde, ẹ wá gbé wọn.”

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó di èjìká mú, èmi di ẹsẹ̀ mú, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. A gbé e gba ọ̀nà tóóró náà jáde lọ sídìí ọkọ̀. Àwọn arìnrìn ń ti ìdí táńkì bọ̀ lásìkò náà, wọ́n dúró síwá sẹ́yìn nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n ya fún wa. Ó wúwo. A sinmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ìsọ̀, a tún gbé e.